Ìbéèrè ni kí ẹ fi ra ìwé: yíyan ìwé ìmọ̀ àwùjọ ní Abẹ́òkúta

Àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì láti kọ́ sosiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ àwùjọ, gbé ìwé kan wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìwé náà wúwo bí ọmọ odó. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rà á.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yé mi."

Mo ṣí i. Àwọn tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo bi í pé kí ló rí lára rẹ̀ tó fi rà á. Ó ní orúkọ tó wà níwájú ìwé yẹn ni olùkọ́ àwọn máa ń dá ní kíláàsì.

Mi ò bá a wí, torí èmi náà ti ra irú ẹ̀ rí. Orúkọ ńláńlá pọ̀ nídìí ìmọ̀ yìí, orúkọ ló sì máa ń mú wa nawọ́ sápò. Ẹni tó lọ sọ́jà láì mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ sè, ẹ̀fọ́ ló máa rà bọ̀ nígbà tí àwọn ará ilé ń retí ilá. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ sọ, bí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ṣe tò tẹ̀ léra.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀

"Mo fẹ́ mọ̀ nípa àwùjọ" kì í ṣe ìbéèrè. Ìbéèrè gidi máa ń lójú, ó máa ń nímú. Tí ẹ kò bá rí ọ̀kan, ẹ lọ jókòó ní Ìtòkú fún wákàtí kan, lọ́dọ̀ àwọn ìyá aláàdìrẹ. Kí ló dé tí àwọn tó ń du oníbàárà kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ tún jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n sì jọ ń dáwó òkú àti ìsọmọlórúkọ? Kí ló dé tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọba lẹ́nu, sí ọlọ́pàá lẹ́nu, sí wòlíì lẹ́nu, tó sì jẹ́ pé ìdí tí a fi ń gbọ́ ti ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì?

Ẹ wo ìbéèrè kejì yẹn. Ó ti yan ìwé fún yín láì jẹ́ pé ẹ tíì dé ibi tí wọ́n ń tàwé. Max Weber, ọmọ Jámánì tó kú ní 1920, pín àṣẹ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé sí mẹ́ta: èyí tó dúró lórí àṣà àtayébáyé, èyí tó dúró lórí òfin àti ìlànà, àti èyí tó dúró lórí ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn gbà pé ó wà lára ẹnì kan. Ọba, ọlọ́pàá, wòlíì. Iṣẹ́ yín kù sí kí ẹ wá ìwé tó ṣàlàyé ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa bi í pé ṣé ọba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ìjọba ń fún ní ọ̀pá àṣẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan péré ni, àbí lórí méjì.

Ìbéèrè tèmi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Mo mọ ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ń jẹ owó ìjọba, àmọ́ tó ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún tí náírà kan kò sọnù. Kí ló fà á? Ìwé ńlá mẹ́ta ni mo rà nítorí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ọmọ Nàìjíríà kan ti dáhùn rẹ̀. Peter Ekeh ni, ní 1975, ó kọ ọ́ sínú jọ́nà kan. Ó ní lẹ́yìn ìjọba amúnisìn, gbàgede méjì ni àwa ènìyàn Áfíríkà ń gbé pọ̀. Èkíní ni ti ìlú ẹni àti ẹ̀yà ẹni, níbi tí ìwà rere tí a ń hù nínú ilé ti ń ṣiṣẹ́: à ń fún un lówó, a kì í sì í retí kí owó náà padà wá. Èkejì ni ti ìjọba, tí a bá lọ́wọ́ amúnisìn, tí ìwà ilé kò wọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá rí nǹkan bù níbẹ̀ tó gbé e wá sílé, akíkanjú ọmọ ló ń jẹ́.

Ẹ lè bá a jiyàn. Èmi náà ń bá a jiyàn, torí mo ti rí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí akápò rẹ̀ sá lọ. Àmọ́ gbogbo àpilẹ̀kọ náà kò ju ojú ewé 22 lọ. Ẹ lè kà á tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìwé, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìwé ni ìbéèrè yín ń fẹ́, tàbí àpilẹ̀kọ kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi mẹ́rin ló pọ̀ jù lórí àtẹ. Ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ wà, èyí tó láwòrán, tó ní ìbéèrè ní òpin orí kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí àwọn onírònú ńlá bíi Weber fúnra wọn kọ wà. Àkójọ wà, níbi tí wọ́n ti gé ègé kan lára ìwé tibí, ègé kan lára ìwé tọ̀hún, tí wọ́n so wọ́n pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ìwádìí, tí ẹnì kan lọ gbé àárín ìlú kan tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ kan fún ọdún bíi mélòó kan tó sì kọ ohun tó rí.

Nínú ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan péré tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dà tuntun gba owó ńlá lọ́wọ́ yín. Orí tó sọ̀rọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì, iye ènìyàn tàbí òfin ìgbéyàwó máa ń tètè gbó, ṣùgbọ́n Karl Marx, onírònú ọmọ Jámánì, ti kú láti 1883, kò sì tíì kọ nǹkan tuntun. Ẹ̀dà ọlọ́dún mẹ́wàá tó jẹ́ àlòkù á ṣe iṣẹ́ tíọ́rì, ìyẹn àlàyé àwọn onírònú lórí bí àwùjọ ṣe ń ṣiṣẹ́, fún yín dáadáa. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àjọ OpenStax gbé jáde; ẹ̀dà kẹta rẹ̀ jáde ní 2021. Àléébù rẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ẹbí, ìdílé ti Amẹ́ríkà ló ń wò jù. Agbo ilé tiwa kọ́ ló wà lójú rẹ̀.

Àkójọ ni mo máa ń ṣọ́ra fún jù. Kì í ṣe pé kò dára, àmọ́ ẹ kì í mọ ohun tí olóòtú gé jù nù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àpẹẹrẹ tí ì bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé yín ni wọ́n yọ, tí wọ́n fi egungun sílẹ̀.

Tí owó ìwé méjì péré bá wà lọ́wọ́ mi, ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ àlòkù kan àti ìwé ìwádìí kan ni mo máa fi rà. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan kò ní fara mọ́ èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tó bá jẹ́ ìwé onírònú fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù. Ìwé tí Émile Durkheim, ọmọ Faransé, kọ ní 1897 nípa àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù nítorí àkòrí rẹ̀, àmọ́ bí agbẹjọ́rò ló ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: á gbé àlàyé tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe kalẹ̀, á wó o, á gbé òmíràn dìde. Ó mú ohun tó dà bíi pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀, ó sì fi hàn pé láàárín ẹ̀sìn kan sí òmíràn, láàárín àpọ́n àti ẹni tó gbéyàwó, iye rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti ta ko ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò náà. Ọ̀nà tó gbà ronú ni ẹ ń rà.

Marx ńkọ́? Ẹ̀ka kìíní ìwé rẹ̀ ńlá lórí owó okòwò jáde ní 1867, orí àkọ́kọ́ rẹ̀ ló sì ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá. Ẹ fo ibẹ̀ ná. Ẹ lọ sí orí kẹwàá nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti sọ̀rọ̀ nípa gígùn ọjọ́ iṣẹ́, bí àwọn olówó ilé iṣẹ́ ṣe ń jí ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ lára àkókò oúnjẹ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ojúmọ́ rí á mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè padà sẹ́yìn.

Fún ẹni tí kò tíì ka nǹkan kan rí, orí kìíní ìwé tí C. Wright Mills kọ ní Amẹ́ríkà ní 1959 ni mo máa ń kọ́kọ́ nà sí i. Ó ní bí ẹnì kan péré kò bá níṣẹ́ nínú ìlú 100,000 ènìyàn, ìṣòro ẹni náà nìyẹn, ká wo ìwà rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí mílíọ̀nù 15 kò bá níṣẹ́ nínú mílíọ̀nù 50 òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lára ẹnì kan. Ẹ ka ibẹ̀ fún bàbá tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ nítorí pé ó ti ń wáṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ra ìwé kì í wò: ta ló túmọ̀ rẹ̀? Weber kò kọ Gẹ̀ẹ́sì, Durkheim kò kọ ọ́. Ní 1930, ará Amẹ́ríkà kan, Talcott Parsons, túmọ̀ ìwé Weber lórí ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì àti òwò. Níbi tí Weber ti ń sọ ohun tí ìgbé ayé òde òní sọ wá dà, Parsons pè é ní àgò irin. Gbogbo ayé gbá àgò irin mú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Jámánì tí Weber lò, stahlhartes Gehäuse, sún mọ́ karahun tó le bí irin ju àgò lọ, àwọn ìtumọ̀ tó jáde ní 2002 sì ti yí i padà. Ẹ má pè é ní àtakò àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Adìẹ tí wọ́n dé àgò lé lórí, ẹnì kan á ṣáà wá ká àgò nílẹ̀, adìẹ á máa bá tirẹ̀ lọ. Ìgbín tí wọ́n yọ nínú karahun, ikú ló kàn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Weber ti yí padà pátápátá láàárín àgò àti karahun. Nítorí náà, tí ìwé méjì bá wà lórí àtẹ pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé kan náà, ẹ wo orúkọ atúmọ̀ àti ọdún tó túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wo iye owó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán ìwé wò níbi tí ẹ dúró sí

Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, torí ìwé tí wọ́n tún tẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Nọ́ńbà ISBN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, tún máa ń sọ̀rọ̀: nínú ìwé tó bá jáde láti 2007, nọ́ńbà náà jẹ́ oní-dígíìtì 13, èyí tí wọ́n sì fún ilé ìtẹ̀wé ní Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ẹ̀yìn, sí atọ́ka ọ̀rọ̀. Ẹ wá Áfíríkà. Ẹ wá Nàìjíríà. Ẹ wá ìjọba amúnisìn. Tí Áfíríkà bá wà lójú ewé kan ṣoṣo nínú ìwé olójú ewé 900, tó sì jẹ́ ebi àti ogun ló gbé e débẹ̀, ẹ ti mọ ojú tí òǹkọ̀wé fi ń wò yín. Ẹ ṣì lè rà á, àmọ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ rà.

Ẹ wá ka ojú ewé mẹ́ta: èyí tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, níbi tí òǹkọ̀wé máa ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe, èyí tó bá ṣí fúnra rẹ̀ láàárín, àti èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá parọ́ nípa ohun tí ẹ mọ̀, ta ló máa bá yín ṣọ́ ọ níbi tí ẹ kò mọ̀?

Ẹ ka iye ewé rẹ̀ pẹ̀lú, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Mo ra ìwé kan ní títì níhìn-ín, ó ń dán, páálí rẹ̀ dára. Ìgbà tí mo dé ojú ewé 112 ni mo rí i pé ojú ewé 97 ló tún tẹ̀ lé e, títí dé 112 lẹ́ẹ̀kejì, ló bá fò sí 129. Ewé ńlá kan ni wọ́n máa ń tẹ̀, tí wọ́n á ká a di ojú ewé 16 tàbí 32, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Ẹni tó to tèmi gbé ìdì kan lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé èkejì. Ibi tí òǹkọ̀wé ti fẹ́ sọ ìdáhùn gan-an ló wà nínú ìdì tó sọnù. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó ní ṣé mi ò rí i pé ó fún mi ní ojú ewé mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ̀rín ni mo rín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ìwé tiwa kún un

Nathaniel Fadipe, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1893, ló kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwùjọ Yorùbá, Yunifásítì London sì fún un ní oyè náà ní 1939. Ó kú ní 1944. Kò fojú rí i gẹ́gẹ́ bí ìwé; 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde n'Íbàdàn. Ẹ kà á bí ẹni tó ń wo fọ́tò ìgbà yẹn: ìdílé, ìgbéyàwó, ìwọ̀fà, ìlú, bí wọ́n ṣe rí lójú ọmọ Ẹ̀gbá kan nígbà náà.

Akinsọlá Akìwọwọ tó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀ lọ síwájú sí i. Ní 1986, nínú àpilẹ̀kọ kan, ó gbé àyájọ́ kan, irú ọfọ̀ àtẹnudẹ́nu, jáde, ó sì fa tíọ́rì àwùjọ yọ nínú rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ náà asùwàdà: pé kò sí ohun kan tó ń dá wà, ìwà kọ̀ọ̀kan ń wá ìwà bíi tirẹ̀ láti bá a wà pọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti la àjọbí àti àjọgbé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ilé ayálégbé ní Pánṣẹ́kẹ́ mọ̀ láìka ìwé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jiyàn gan-an lórí bó ṣe túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wá àríyànjiyàn ọ̀hún kà pẹ̀lú. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń kọ́ tíọ́rì láti ìpìlẹ̀.

Ìwé kan sì wà tí ahọ́n yín fúnra rẹ̀ lè ṣe ìdájọ́ lé lórí. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ọ́ ní 1997, ó ní kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin ni Ọ̀yọ́ fi ń to àwùjọ, ọjọ́ orí àti ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni. Ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ nínú èdè. Ẹ̀gbọ́n kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin, àbúrò kò sọ ọ́, ìyàwó ilé sì lè máa pe ọmọbìnrin tó bá nínú agbo ilé ní ọkọ mi. Mo kà á, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún rántí bàbá àti ìyá, mo rántí àwọn ohun tí wọ́n kì í jẹ́ kí obìnrin wò, mo ní ó kù díẹ̀. Òǹkàwé London kò lè ṣe irú ìdánwò yìí nídìí ìwé náà. Ẹ̀yin lè ṣe é.

Tí ẹ bá fẹ́ ìwé ìwádìí tó wà nítòsí, ti Judith Byfield tó jáde ní 2002 dá lórí àwọn obìnrin aláró Abẹ́òkúta láàárín 1890 sí 1940. Ìtàn ni wọ́n máa ń tò ó sí, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ẹ kà á pẹ̀lú orí kan nínú Marx, ẹ ó rí i pé aró inú ìkòkò àti iye tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń ta aṣọ funfun jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ibi tí ẹ ti lè rí i

Ẹ kọ́kọ́ yá a. Ilé ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ yín, tàbí ti ọ̀rẹ́ yín tó ní káàdì. Ìlú tí Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ayé àtijọ́ náà, ti jáde ní 1859 kò yẹ kó jẹ́ pé ilé ìtajà aṣọ ẹbí ló máa pọ̀ tó báyìí ju ti ìwé lọ, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ìbàdàn ni mo ti máa ń ra èyí tó le rí, mo sì máa ń kó ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin jọ kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin, kí owó ọkọ̀ má ba à jẹ mí lórí ìwé kan.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé máa ń parí ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Marx, Durkheim àti Weber ti kọjá ibẹ̀. Àmọ́ ìtumọ̀ náà ní olówó tirẹ̀: Parsons kú ní 1979. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ìtumọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí tuntun á sì wà fún títà. Iṣẹ́ Marx ló rọrùn jù láti rí lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi kò rí owó rẹ̀ gbà padà. Ìwé rẹ̀ wà lórí àpótí mi, ó ń dúró de ọjọ́ tó máa dé ipele yẹn. Mo tẹ àpilẹ̀kọ Ekeh fún un níbi tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì, mo sì ní kó kọ ìbéèrè tirẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kà á. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pè mí láti Láfẹ́ńwá, ariwo ọkọ̀ gba gbogbo etí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àjọ tí màmá ń dá lọ́jà. Wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà, ìjọba kò sì sí níbẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń jẹ owó ẹnì kejì. Gbàgede wo ni ká fi sí nínú méjèèjì?"

Mo ní kó dúró, kí n wá àpilẹ̀kọ Akìwọwọ.